Ẹ Bi Wá Kí Ẹ Tó Gún Un: Lẹ́tà Ṣíṣí sí Ẹ̀yin Akẹ́kọ̀ọ́ Nọ́ọ̀sì tí Wọ́n Ṣẹ̀ṣẹ̀ Dé ní Fìlà

Ẹ̀yin àbúrò mi,

Ẹ kú oríire fìlà. Ẹ kú ìnáwó, ẹ kú ìfaradà ìdánwò tó ṣáájú rẹ̀. Láìpẹ́ wọn á pín yín sí wọ́ọ̀dù, ẹ ó sì máa tẹ̀lé àwa tí a ti pẹ́ níbẹ̀ bí a bá ń ti tírọ́lì oògùn láti ibùsùn dé ibùsùn. Gbangba ni mo ti kọ lẹ́tà yìí, n kò fi ránṣẹ́ sí yín ní ìkọ̀kọ̀, nítorí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kan àwa ọ̀gá yín náà. Mo fẹ́ kí wọ́n ti gbọ́ ọ lẹ́nu mi, kí ó má baà jẹ́ pé ọjọ́ tí ẹnì kan nínú yín bá sọ ọ́ ni wọn á ní ọmọ yìí gbójú.

Ohun tí mo ní í sọ kò ju ẹyọ kan lọ: oògùn tí kò bá yé yín, ẹ má fún aláìsàn. Ẹ dúró, kí ẹ bi ẹni tó kọ ọ́ tàbí ẹni tó rán yín. Ó dùn ún sọ, àmọ́ kò rọrùn, torí wọn kò tọ́ wa bẹ́ẹ̀ nílé. Ọmọ tó bá ń bi àgbà ní "kí ló dé?", ẹ mọ irú ojú tí wọ́n ń fi wò ó. Ẹ̀kọ́ ilé yẹn la gbé wọ wọ́ọ̀dù. Dókítà kọ ọ́, Sístà ní ẹ lọ gún un, akẹ́kọ̀ọ́ mú sírínjì. Ẹni mẹ́ta ti fọwọ́ kan ọ̀rọ̀ náà, ó sì ṣeé ṣe kí ó jẹ́ pé kò sí ẹni tó ka ohun tí wọ́n kọ sára ìgò. Ọwọ́ yín ló kẹ́yìn. Lẹ́yìn tiyín, ara aláìsàn ló kù.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí orúkọ, torí ẹ ó rò pé òun ló rọrùn jù. Ìwé yín ti kọ́ yín ní ohun márùn-ún tó gbọ́dọ̀ tọ́: aláìsàn, oògùn, ìwọ̀n, ọ̀nà tí a ó gbà fún un, àti àkókò. Gbogbo yín lẹ lè kà á lórí ahọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí a ṣe ń ṣe ti àkọ́kọ́ lórí wọ́ọ̀dù tiwa. Nọ́ọ̀sì dé ibùsùn, ó ní, "Ẹ̀yin ni Màmá Bọ́sẹ̀, àbí?" Ìyá ní, "Hẹn." Ó tán. Ìyá tí ibà ti mú, tí etí rẹ̀ kò gbọ́ dáadáa mọ́, tí kò sì fẹ́ kó ìdààmú bá nọ́ọ̀sì, yóò dáhùn "hẹn" sí orúkọ yòówù tí ẹ bá pè. Obìnrin kan ṣoṣo náà, Màmá Bọ́sẹ̀ ni lẹ́nu àlejò, Àlàájà ni lẹ́nu ará ẹ̀gbẹ́ ibùsùn, Síkírátù ló sì wà lára fáìlì. A kò lè pe àgbà ní orúkọ ní ṣákálá, mo gbà. Ẹ jẹ́ kí òun fúnra rẹ̀ pè é: "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, orúkọ wo ni wọ́n kọ sínú káàdì yín?" Kí ẹ wá fi ohun tó sọ wé ohun tó wà nínú ìwé, kí ẹ sì wo nọ́ńbà fáìlì pẹ̀lú. Ẹ kò rí àgbà fín, ẹ kò sì fún ẹlòmíì ní oògùn ẹlòmíì.

Wọ́ọ̀dù ọmọdé tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwa la ni ìbejì. Kì í ṣe ará Ìgbó-Ọrà nìkan ló ń bí wọn. Táíwò àti Kẹ́hìndé dùbúlẹ̀ sórí ibùsùn kan náà: orúkọ bàbá kan, ọjọ́ ìbí kan, nọ́ńbà fáìlì tó tẹ̀ lé ara wọn. Ìyá wọn nìkan ló dá wọn mọ̀, ìyá sì ti jáde lọ wá owó. Ọmọ tí kò tíì pé ọjọ́ mẹ́jọ kò tilẹ̀ ní orúkọ. "Ọmọ Adéyẹmí" ni wọ́n ń kọ, Adéyẹmí sì lè ju ẹyọ kan lọ nínú yàrá náà. Ibi tí ọmọ kan ti ń gba oògùn lẹ́ẹ̀mejì, tí èkejì kò gba nǹkankan rárá, irú ibẹ̀ yẹn ni. Ẹ lẹ pílásítà mọ́ ọrùn ẹsẹ̀ wọn, kí ẹ kọ orúkọ àti nọ́ńbà sí i, kí ẹ sì kà á ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá gbé oògùn dé. Bí pílásítà bá ti já, ẹ má méfò. Ẹ dúró de ìyá.

Ó ku oògùn fúnra rẹ̀. Ìwé fún ìrìn oògùn nínú ara ní orúkọ gígùn. Ẹ fi ìyẹn pamọ́ fún ìdánwò. Lórí wọ́ọ̀dù, ìbéèrè mẹ́rin ni mo fẹ́ kí ẹ máa bi ara yín: ibo ló gbà wọlé, ibo ló ń dé, kí ló ń fọ́ ọ sí wẹ́wẹ́, ibo ló sì ń gbà jáde? Ẹni tó bá lè dáhùn mẹ́rin yìí nípa oògùn ọwọ́ rẹ̀ ti mọ ohun tó yẹ kí ó ṣọ́ lára aláìsàn, bí kò tilẹ̀ rántí ojú ewé tó wà.

Èyí tí a bá gbé mì, láti inú ìfun, ẹ̀dọ̀ ló máa kọ́kọ́ gbà kọjá, ẹ̀dọ̀ a sì ti fọ́ lára rẹ̀ kí ó tó dé ibi tí a rán an. Ìdí nìyẹn tí a fi ń fi oògùn àyà dídùn kan, glyceryl trinitrate, sábẹ́ ahọ́n: abẹ́ ahọ́n kò gba ẹ̀dọ̀ kọjá, ó bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀ tààrà. Bàbá tó bá sáré gbé e mì pẹ̀lú omi ti fi èyí tó pọ̀ nínú rẹ̀ ṣòfò. Ìdí yìí kan náà ló fà á tí ìwọ̀n morphine, oògùn ìrora líle, tí a ń mu fi máa ń ju ti abẹ́rẹ́ lọ dáadáa. Nítorí náà, bí ẹ bá rí i pé wọ́n yí morphine aláìsàn kan láti mímu sí abẹ́rẹ́, tí nọ́ńbà tó wà níwájú rẹ̀ kò sì yí padà, ó yẹ kí ọwọ́ yín dúró. Ìbéèrè wà níbẹ̀.

Nígbà tó bá sì ti dénú ẹ̀jẹ̀, oògùn kò mọ orí yàtọ̀ sí ẹsẹ̀. Ibi tí ẹ̀jẹ̀ bá dé lòun náà ń dé. Salbutamol tí a fún alásímà kí èémí rẹ̀ lè já gaara, ó ń lù ú láyà kìkì, ó sì ń mú ọwọ́ rẹ̀ gbọ̀n. Ẹ sọ fún un ṣáájú kí ó má rò pé òun ń kú lọ.

Ọ̀nà àbájáde wá ńkọ́? Púpọ̀ nínú wọn, inú ìtọ̀ ni. Gentamicin, oògùn tó ń pa kòkòrò àrùn, kò fẹ́ẹ̀ẹ́ ní ọ̀nà míì rárá àfi kíndìnrín, ó sì tún lè ba kíndìnrín yẹn àti etí jẹ́ bó bá gbára jọ sínú ara. Bàbá àgbàlagbà tí kò tíì tọ̀ láti àná, tí wọ́n sì kọ gentamicin fún: kí ẹ tó fa oògùn sókè, ẹ ní kí Sístà bá yín wo àpò ìtọ̀ àti èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ẹ kò bá dókítà jà o. Ó lè jẹ́ pé nígbà tó ń kọ ọ́, bàbá ṣì ń tọ̀.

Oògùn kọ̀ọ̀kan ló sì ní iye àkókò tí ìdajì rẹ̀ fi ń kúrò nínú ara. Lẹ́yìn irú àkókò yẹn mẹ́rin sí márùn-ún, a lè ní ó ti tán. Ẹ má fojú di ọ̀rọ̀ yìí pé ti ìwé ni. Aláìsàn tí morphine ti pọ̀ jù fún, tí èémí rẹ̀ ti ń lọ sílẹ̀, naloxone la ń fún un. Naloxone a lọ lé morphine dìde lórí ibùjókòó rẹ̀, òun a jókòó síbẹ̀, aláìsàn a lajú, àwọn ẹbí a máa dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n àlejò tí kì í pẹ́ ni naloxone. Ó tètè ń kúrò, morphine sì wà lẹ́nu ọ̀nà. Nígbà tí gbogbo ènìyàn bá ti tú ká tán ni oorun burúkú yẹn ń padà dé. Ẹni tó bá mọ iye àkókò oògùn méjèèjì kò ní kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn náà láti lọ jẹun.

Oúnjẹ pàápàá ní ohun tó ń ṣe. Oògùn ibà tó ní artemether àti lumefantrine nílò ọ̀rá kí ara tó lè gbà á dáadáa, torí náà ẹ̀kọ gbígbóná tí wọ́n da mílíìkì sí dára fún un. Ife ẹ̀kọ onímílíìkì yẹn náà kò dára rárá fún ciprofloxacin tàbí tetracycline, àwọn oògùn tó ń pa kòkòrò àrùn, torí kálísíọ́ọ̀mù inú mílíìkì á so mọ́ oògùn, wọn á jọ bá ìgbẹ́ jáde. Ẹ kò ní rí ìyẹn nínú fáìlì. Ẹ máa wo ohun tó wà nínú fúláàsì tí ìyàwó aláìsàn gbé wá.

Ọ̀rọ̀ ìṣirò ni mo fẹ́ pẹ́ lórí rẹ̀, ẹ forí jì mí. Mo rí akẹ́kọ̀ọ́ tó lè ka orúkọ oògùn ọgbọ̀n láìmí, tí ẹ bá sì fún un ní ìgò kan pé kí ó fa ìwọ̀n tó yẹ ọmọ kan, á máa wo ojú yín.

Ẹ mú artesunate. Ìwádìí kan tí wọ́n ṣe láàárín àwọn ọmọdé ní orílẹ̀-èdè mẹ́sàn-án nílẹ̀ Áfíríkà, tí Nàìjíríà wà lára wọn, tí èsì rẹ̀ jáde ní 2010, ló jẹ́ kí ó hàn gbangba pé artesunate ń gba ẹ̀mí ọmọ là ju kuníìnì lọ nínú ibà líle: nínú 100 ọmọ tó gba kuníìnì, bíi 11 ló kú; nínú 100 tó gba artesunate, ó dín sí mẹ́sàn-án. Òun la wá ń lò báyìí. Ìyẹ̀fun ló wà nínú ìgò rẹ̀, 60 mílígráàmù. Ìgò kékeré omi bicarbonate kan tó jẹ́ mílílítà 1 máa ń bá a wá. Ẹ fi ìyẹn pò ó, ẹ mì í títí yóò fi mọ́ gaara bí omi. Bó bá jẹ́ pé inú iṣan ẹ̀jẹ̀ ni ẹ fẹ́ gún un sí, ẹ fi mílílítà 5 omi iyọ̀ kún un. Gbogbo rẹ̀ di mílílítà 6, ìyẹn ni pé mílílítà kọ̀ọ̀kan ní 10 mílígráàmù nínú.

Ọmọ yín wá wọn kílò 12. Ọmọ tí kò tó 20 kílò, mílígráàmù 3 ni a ń fún un fún kílò kọ̀ọ̀kan; láti 20 kílò lọ sókè, 2.4 ni. Bẹ́ẹ̀ ni, ti ọmọ kékeré ló pọ̀ jù sí kílò kan, ẹ má rò pé wọ́n ṣì í kọ. Tiyín jẹ́ 3 lọ́nà 12, ó di mílígráàmù 36, ẹ ó fa mílílítà 3.6. Tó bá jẹ́ ẹran itan ni ẹ fẹ́ gún, omi iyọ̀ mílílítà 2 péré ni ẹ ó fi kún un, mílílítà kọ̀ọ̀kan a ní 20 mílígráàmù, ẹ ó sì fa 1.8. Ẹ wá rò ó wò: ọ̀rẹ́ yín ti po oògùn ti itan sílẹ̀, wọ́n pè é lọ, ẹ̀yin bọ́ sí àyè rẹ̀, ẹ ń wá 3.6 torí ìyẹn lẹ ti kọ sí ọwọ́, ẹ sì fa gbogbo mílílítà 3 tó wà nínú ìgò tán. Ẹ ti fún ọmọ náà ní mílígráàmù 60 dípò 36. Ìṣirò yín tọ̀nà, ọwọ́ yín mọ́, oògùn náà ni oògùn rẹ̀. Ohun tó bà á jẹ́ ni pé ẹ lo oògùn tí ẹlòmíì pò. Oògùn tí ojú yín kò tó nígbà tí wọ́n ń pò ó, ẹ dà á nù. Kì í sì í ṣe gbogbo páálí ni wọ́n ń pò bákan náà, torí náà ẹ ka ìwé tó wà nínú rẹ̀.

Ẹbí á bẹ̀ yín pé kí ẹ fi ìyókù pamọ́ fún ti alẹ́, torí owó wọn ni wọ́n fi rà á, wákàtí 12 péré ló sì kù kí a fún un ní èkejì. Àánú wọn á ṣe yín. Ẹ má gbà. Láàárín wákàtí kan tí ẹ pò ó ló yẹ kí ó wọ ara ọmọ. Ẹ sì gbé ọmọ náà sórí ìwọ̀n. "Ó máa tó kílò 12" kì í ṣe ìwọ̀n.

Nípa ọwọ́ ìkọ̀wé, n kò ní sọ púpọ̀. Ẹni tó kọ 1.0 lè gba 10 lọ́wọ́ ẹni tí kò rí àmì tóótó náà. Ẹ kọ 1. Ẹni tó kọ .5 lè gba 5. Ẹ kọ 0.5. Insulin, oògùn àtọ̀gbẹ, ni kí ẹ kọ ọ̀rọ̀ "units" rẹ̀ tán pátápátá, torí lẹ́tà U tí wọ́n bá kọ mọ́ 10 máa ń jọ òdo, 10 a sì di 100. Sírínjì insulin nìkan ni kí ẹ fi fà á. Bí kò bá sí lórí wọ́ọ̀dù, ẹ wá a lọ, ẹ má fi òmíràn ṣe é.

Ẹ wá sí wọ́ọ̀dù aboyún. Magnesium sulphate ni oògùn tí a fi ń dá gìrì aláboyún dúró, tí a sì fi ń dènà rẹ̀. Nínú ìwádìí ńlá kan tí èsì rẹ̀ jáde ní 2002, tó kó àwọn obìnrin tó lé ní 10,000 jọ, ó dín ewu gìrì náà kù ní ìdajì. Ìgbà àkọ́kọ́ tí ẹ bá gbọ́ ìwọ̀n rẹ̀, ẹ̀rù á bà yín: gíráàmù 14 ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ bó bá jẹ́ ọ̀nà abẹ́rẹ́ ìdí, 4 sínú iṣan ẹ̀jẹ̀ díẹ̀díẹ̀, 5 sí ìdí ọ̀tún, 5 sí ìdí òsì, lẹ́yìn náà gíráàmù 5 ní wákàtí mẹ́rin-mẹ́rin. Èyí tó wà nínú ìgò sábà máa ń jẹ́ ìdá 50 nínú 100, ìyẹn gíráàmù 5 nínú mílílítà 10. Ti inú iṣan ẹ̀jẹ̀ kò gbọ́dọ̀ lọ bẹ́ẹ̀. Mílílítà 8 rẹ̀ la ń fi omi abẹ́rẹ́ 12 là kí ó di mílílítà 20.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìṣirò yẹn ló ń pa ènìyàn níbẹ̀ bíi gbígbàgbé láti wo aláìsàn. Kí abẹ́rẹ́ wákàtí mẹ́rin tó wọlé, ohun mẹ́ta la gbọ́dọ̀ ti wò. Ṣé èémí rẹ̀ tó 16 ní ìṣẹ́jú kan? Ṣé ìtọ̀ rẹ̀ tó mílílítà 30 ní wákàtí kan? Bí a bá fi òòlù kékeré kan orúnkún rẹ̀, ṣé ẹsẹ̀ ń ta? Orúnkún ló máa ń kọ́kọ́ dákẹ́ bí oògùn bá ti ń pọ̀ jù, èémí ló máa ń tẹ̀ lé e. Calcium gluconate tó ń pa agbára magnesium, ìgò mílílítà 10 ìdá 10 nínú 100, gbọ́dọ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, kí a má máa wá kọ́kọ́rọ́ kọ́bọ́ọ̀dù kiri. Nítorí náà, bí wọ́n bá ní "ó ti tó aago méjì, lọ gún màmá yẹn," èyí ni mo fẹ́ gbọ́ lẹ́nu yín: "Ẹ kú iṣẹ́ mà. Ta ló ti wo orúnkún rẹ̀, mà?" Bí kò bá sí ẹni tó wò ó, ẹ ní, "Ẹ jẹ́ ká jọ lọ wò ó, mà."

Potassium chloride náà wà nílẹ̀. Omi lásán ni lójú, ìgò rẹ̀ lè jọ ti omi abẹ́rẹ́ bí ẹni méjì. Ẹ kò gbọ́dọ̀ fi sírínjì tì í sínú iṣan ẹ̀jẹ̀ láé. Inú dríìpù ni a ń là á sí, ó sì gbọ́dọ̀ máa kán díẹ̀díẹ̀. Bó bá dé ọkàn ní ẹ̀ẹ̀kan, ọkàn a dúró. Wọ́ọ̀dù tó bá to ó pọ̀ mọ́ omi abẹ́rẹ́ nínú páálí kan náà, ẹ pe àkíyèsí ọ̀gá ibẹ̀ sí i lọ́jọ́ tí ẹ dé gan-an, kí ẹ má dúró di ọjọ́ kejì.

Àwọn ará wa fẹ́ràn abẹ́rẹ́, ẹ mọ̀. Ẹni tí a bá fún ní oògùn oníwóró, á ní a kò tọ́jú òun. Ẹ má torí ìyẹn yí ọ̀nà tí wọ́n kọ padà. Abẹ́rẹ́ ìdí tó ṣìnà lè kan iṣan ńlá (kì í ṣe ti ẹ̀jẹ̀) tó gba ibẹ̀ lọ sí ẹsẹ̀. Ọmọ tó rin wọ ọsibítù a wá máa wọ́ ẹsẹ̀ nílẹ̀. Irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ kò wọ́n ní Nàìjíríà, kuníìnì tí wọ́n ń gún sí ìdí nígbà kan sì wà lára ohun tó fà á. Ọmọ kékeré, itan rẹ̀, ní ẹ̀gbẹ́ iwájú, ni kí ẹ lò.

Púpọ̀ nínú oògùn tí ẹ ó fún aláìsàn kò ti ilé oògùn ọsibítù wá. Ìta ni ẹbí ti rà á, inú ọ̀rá dúdú ló wà lábẹ́ ìrọ̀rí. Ẹ tú u síta. Ẹ fi orúkọ tó wà lára páálí wé èyí tí dókítà kọ, kí ẹ wo ọjọ́ tí yóò bàjẹ́ àti nọ́ńbà NAFDAC. Mo ní ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọn. Ní 2008, oògùn eyín ọmọdé kan tí májèlé diethylene glycol wà nínú rẹ̀ jáde ní orílẹ̀-èdè yìí, ọmọ 84 ló sì kú. Nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ nìkan kò lè dá irú ìyẹn dúró, ṣùgbọ́n ojú yín lè rí àwọ̀ tó yí padà, ìdérí tó ti ṣí, tàbí orúkọ tó fi lẹ́tà kan yàtọ̀.

Kí ẹ sì bi wọ́n nípa àgbo. Ohùn tí ẹ fi bi í ló máa sọ ìdáhùn tí ẹ ó rí gbà. "Ẹ ò mu àgbo kankan ṣá?" Ìdáhùn rẹ̀ ni "rárá o". Ẹ ní, "Bàbá, kí lẹ ti lò nílé kí ara tó ní ká wá síbí?" Bàbá á wá ka àgbo jẹ̀díjẹ̀dí tó wà nínú ògógóró, á ka èyí tí wọ́n rà lọ́wọ́ alágbo, á tún ka paracetamol mẹ́rin tó lò kí ó tó wọ mọ́tò. Mẹ́rin jẹ́ gíráàmù 2. Gíráàmù 4 ni òpin rẹ̀ fún àgbàlagbà láàárín wákàtí 24, dókítà sì ti kọ ti inú dríìpù sílẹ̀, nígbà tí ọmọ rẹ̀ obìnrin náà ní méjì-méjì nínú báàgì tó ń fún un bí nọ́ọ̀sì bá ti kọ ẹ̀yìn. Ẹ̀dọ̀ bàbá ló ń ka gbogbo rẹ̀ pọ̀.

Ẹ bi í pẹ̀lú pé, "Oògùn wo ni ara yín kì í gbà?" Bó bá ní pẹnisílínì, ẹ kọ ọ́ gàdàgbà síwájú fáìlì. Ẹni tó bá ní kò sí pàápàá, tí ẹ bá ń gún un ní abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́ irú oògùn bẹ́ẹ̀, ẹ dúró tì í lẹ́yìn tí ẹ bá gún un tán. Bí ètè bá ń wú, tí èémí ń dún fín-ín, tí ó ní òòyì ń kọ́ òun, adrenaline ló kàn: 0.5 mílígráàmù sí ẹran itan àgbàlagbà, kì í ṣe kí a máa wá hydrocortisone ṣáájú. Ẹ mọ ibi tó wà kí ọjọ́ náà tó dé.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ̀yin Sístà àti Mátírọ́nì, ìpín tiyín rèé. Akẹ́kọ̀ọ́ tí a jágbe mọ́ lẹ́ẹ̀kan níwájú aláìsàn torí pé ó bi wá léèrè, kò ní bi wá mọ́. Yóò kàn máa gún ohun tí a bá ní kí ó gún, a ó sì máa yìn ín pé ọmọ tó ní ìtẹríba ni. Lójú tèmi, ìtẹríba yẹn ló léwu jù lórí wọ́ọ̀dù. Ohun tí yóò ná wa kò ju ìṣẹ́jú méjì lọ: ká gba ìgò lọ́wọ́ rẹ̀, ká ní kí ó ṣe ìṣirò rẹ̀ sókè, ká sì ṣe tiwa lọ́tọ̀ láìwo tirẹ̀. Insulin, morphine, magnesium, potassium àti oògùn ọmọdé, kò yẹ kí ọ̀kankan nínú wọn wọ ara ènìyàn láìjẹ́ pé ojú ẹni méjì ti rí i. Kí a sì yéé rán akẹ́kọ̀ọ́ níṣẹ́ nígbà tí sírínjì bá wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kí fáìlì tí a ń wá dúró fún ìṣẹ́jú díẹ̀ sí i.

Ẹ̀yin dókítà, bí ẹ bá pàṣẹ oògùn lórí fóònù, ẹ jẹ́ kí ọmọ náà kà á padà fún yín. Fífítíìn àti fífítì kò jìnnà síra lórí fóònù tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì rẹ̀ ń já. Bó bá bi yín pé, "Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni àbí àádọ́ta, sà?", ẹ má bínú sí i. Kí ẹ sì wá kọ ọ́ sílẹ̀ bí ẹ bá ti dé.

Ẹ̀yin àbúrò mi, bí ó bá wá ṣẹlẹ̀ pé oògùn tí kò yẹ ti wọlé, aláìsàn ni kí ẹ kọ́kọ́ wò, ẹ má wo ara yín. Ẹ ka èémí rẹ̀, ẹ di ọwọ́ rẹ̀ mú kí ẹ ka bí ọkàn ṣe ń lù, bó bá jẹ́ dríìpù ni, ẹ dá a dúró, kí ẹ má yọ abẹ́rẹ́ inú iṣan torí a lè nílò rẹ̀. Ẹ pariwo pe ẹni tó bá sún mọ́ jù. Ẹ sọ ohun tí ẹ fún un, iye rẹ̀, àti aago tí ẹ fún un, láìdín láìkún. Ẹ má ju ìgò náà nù. Òun ni dókítà máa kọ́kọ́ béèrè. Lẹ́yìn náà ẹ kọ ọ́ sínú fáìlì bó ṣe rí, ẹ má fi íńkì pa èyí tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ rẹ́. Bí wọ́n bá fẹ́ bá yín wí, ẹ jẹ́ kí wọ́n bá yín wí lẹ́yìn tí ara bá ti rọ aláìsàn ná.

Ẹ kú ìmúrasílẹ̀. A ń retí yín lórí wọ́ọ̀dù.

Èmi ni tiyín,
Ẹ̀gbọ́n yín nínú iṣẹ́